Gorda Ò Jẹ Àlùbọ́sà

Bí ẹ bá wọ ilé Nilsa Cintrón ní Arroyo, ìlú wa létí òkun, ibi tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé tẹlifíṣọ̀n sí ni ẹ ó ti rí àpótí gíláàsì ńlá kan tí omi iyọ̀ kún inú rẹ̀, iná aláwọ̀ búlúù wà lórí rẹ̀, pọ́ǹpù rẹ̀ sì ń kùn bí ẹni tó sùn lọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ má wulẹ̀ bèèrè tẹlifíṣọ̀n. Ó wà nílé ìdáná, ó sì kéré débi pé ẹ ò ní mọ ẹni tó ń sunkún yàtọ̀ sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Nilsa ní kí ni òun fẹ́ fi tẹlifíṣọ̀n ṣe nígbà tí Gorda wà.

Gorda ni òdòdó òkun rẹ̀. Òdòdó là ń pè é o, ṣùgbọ́n ẹranko ni, ẹranko tó lẹ́nu tó sì ń jẹun. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní, òun ló fi lẹ̀ mọ́ òkúta. Ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ lára rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wú róbótó, ẹnu rẹ̀ sì wà láàárín gbogbo wọn. Ẹja méjì tí àwọ̀ wọn dà bí ọsàn tó pọ́n ló ń gbé inú àwọn ọwọ́ náà, wọ́n ń jayé orí wọn níbẹ̀, láìsan owó ilé. Nígbà tí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá, Gorda máa ń tẹ́ rẹrẹ tó àwo ìjẹun ńlá. Ìdí nìyẹn tí Nilsa fi sọ ọ́ ní Gorda, Sisí Sanra.

Èmi ni Awilda. Ojúlé mi ló kọjú sí ti Nilsa, a jọ dàgbà ni, ẹni tó bá sì ní òun mọ̀ ọ́n jù mí lọ, irọ́ ló ń pa. Aránṣọ ni. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ló máa ń rán, abẹ́rẹ́ kì í kúrò láyà aṣọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ ò tíì dé. Gbogbo ohun tí Nilsa bá ń ṣe ló máa ń dá a lójú. Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń tọ̀nà.

Toño ọkọ rẹ̀ ló ra àpótí gíláàsì yẹn. Ó rà á bí ọkùnrin ṣe ń ra nǹkan, ó pe gbogbo ọ̀rẹ́ wá wò ó, kò sì bojú wò ó mọ́. Nígbà tó bá obìnrin kan lọ sí Guayama, ó kó bàtà rẹ̀, ó kó rédíò, ó fi ohun kan tó ti sún kì bí ìbọ̀sẹ̀ tútù sílẹ̀ ní ìdí òkúta inú omi. Gbogbo wa la sọ pé kí Nilsa gbé e dànù. Mo rántí bó ṣe wò wá lójú.

“Toño ni mo ní kó máa lọ. Ta ló ní kí eléyìí kú?”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ń wò ó lójoojúmọ́, ó ń bi àwọn tó ń sin irú rẹ̀ ní Ponce léèrè ọ̀rọ̀, ó ń ṣe àṣìṣe, ó sì ń tún un ṣe. Ó wá mọ̀ ọ́n bí ẹní mọwó. Ó mọ̀ pé bí omi inú àpótí bá fà, omi lásán la fi ń kún un, nítorí omi ló ń fẹ́ lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Ó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó fún Gorda láti jẹun. Edé ló máa ń fún un, èyí tí a ti fọ̀ tí a sì gé kó má ju èékánná lọ. Yóò pa pọ́ǹpù kí omi lè dúró jẹ́ẹ́, yóò fi ẹ̀mú onígi gígùn kan gbé edé náà kan àwọn ọwọ́ yẹn, wọn yóò sì ká mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Nilsa ò ní kúrò níbẹ̀ títí edé fi wọ ẹnu Gorda pátápátá, nítorí bó bá yíjú báyìí, àwọn ẹja méjèèjì á jí i gbé. Olè paraku ni wọ́n.

Ọdún tí ìjì ńlá jà ni Gorda di ti gbogbo wa. Iná lọ, kò sì padà fún oṣù gbọọrọ. Pọ́ǹpù kú. Nilsa mú ife, ó ń bu omi láti inú àpótí, ó ń dà á padà láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, títí apá rẹ̀ fi wú. Nígbà tí a ò lè wò ó mọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú iṣẹ́ ni mo ti máa ń bọ̀, màá jókòó, màá bu, màá dà, màá sì máa bú iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná bí mo ti ń dà á. Ṣùgbọ́n Doña Provi, ìyá àgbà kan ládùúgbò wa, ló ṣe jù láàárín wa. Àga tirẹ̀ ló gbé wá láti ilé. Ó ń ka rósárì, ó ń bu omi, Mo Kí Ọ Màríà kan, ife omi kan. Gorda funfun báláú, ó sì rù, ṣùgbọ́n kò kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Doña Provi jẹ́, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ yìí dé bá. Ó ti lé ní àádọ́rin dáadáa, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí Amẹ́ríkà tán, síbẹ̀ ìkòkò tó fi ń bọ́ gbogbo wọn nígbà yẹn ló ṣì ń gbé kaná. Ta ni yóò jẹ ẹ́? Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá. Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ti sanra sí àdúgbò wa. Àwọn tó wá tún ojú ọ̀nà ṣe gbàgbé iṣẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Bí o bá ní o yó, á wojú rẹ bí ẹni tó gbọ́ pé ara rẹ ò yá, á sì bu díẹ̀ sí i.

Ní Lẹ́ńtì ọdún tí mò ń wí yìí, Yaritza ọmọ Nilsa bímọ ní Orlando, ní Amẹ́ríkà, ìyá àgbà tuntun sì gbọ́dọ̀ lọ. Nilsa fún Doña Provi ní kọ́kọ́rọ́. Ó ti gé edé sílẹ̀, ó ti kó o sínú àwo yìnyín nínú fìríìjì, ojú kan fún ìjẹun kan.

“Ẹyọ kan péré, Doña Provi. Bó bá yá, ẹyọ kan. Ẹ má fún un ní nǹkan míì o.”

“Ṣé ọmọdé ni mí ni? Máa lọ gbé ọmọ-ọmọ rẹ jó.”

Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo tún rí ojú tí Doña Provi fi wo edé inú àwo yìnyín yẹn lẹ́yìn tí ọkọ̀ Nilsa lọ tán. Ó káàánú Gorda dé inú egungun.

Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, kò sí ilé tí kì í se bacalao níbí, pańla oníyọ̀ tí a ń fi iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù àti ẹyin jẹ, pẹ̀lú òróró ólífì àti àlùbọ́sà tí a gé bí òrùka lórí. Doña Provi sè é, ó bù ú fún gbogbo àdúgbò. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí i tó ń gbé àwo kékeré kan tó fi ìdérí bò sọdá lọ sílé Nilsa. Mo rò pé ó fẹ́ lọ jẹ tirẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ wà ni.

Ohun tó ṣe nìyí, bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Bí a bá fẹ́ se bacalao fún ènìyàn, a máa ń rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì kí iyọ̀ lè kúrò. Ṣùgbọ́n Gorda kì í ṣe ènìyàn. Inú iyọ̀ ló ń gbé. Nítorí náà, ó gé ti Gorda sọ́tọ̀ kó tó rẹ ìyókù, tiyọ̀tiyọ̀ rẹ̀, kí àlejò lè jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nílé wọn. Ó wá ta òróró sí i lórí, ó sì fi òrùka àlùbọ́sà kan sí i.

“Àlùbọ́sà ńkọ́, Doña Provi?” mo bi í.

“Ta ló ń jẹ bacalao lásán?”

Gorda sì gbà á. Ohun tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Ohunkóhun tó bá kan ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń dì mú, ó sì dì í mú lóòótọ́, ó gbé e mì. Inú Doña Provi dùn dé ẹsẹ̀. Ó tún gbé òmíràn wá lọ́jọ́ Sátidé, ó tún gbé ti Àjíǹde wá lọ́jọ́ Àìkú.

Ní Mọ́ńdè, Nilsa dé. Èmi ni mo bá a gbé báàgì wọlé. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi dúró gbagidi, tó ń fa imú.

“Awilda, kí ló ń rùn?”

Omi ti dà bí omi tí a fi fọ ìrẹsì. Òróró léfòó lójú rẹ̀. Gorda ti jábọ́ kúrò lórí òkúta, ó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ti sún kì, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbàgà, àwọn ẹja méjèèjì sì wà ní igun bí ọmọ tí wọ́n lé jáde nílé. Nilsa ki ọwọ́ bọ omi tòun ti aṣọ Orlando tó wọ̀, ó gbé Gorda sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e súnmọ́ imú.

“Òun kọ́ ló ń rùn. Omi ni. Kò tíì kú.” Ó wá pariwo débi pé ajá dáhùn: “Ta ló ṣe èyí? Ẹni tó bá ṣe èyí ò gbọdọ̀ tẹ ilé mi mọ́ láyé!”

Fèrèsé ṣí sílẹ̀ láti ìpẹ̀kun àdúgbò dé ìpẹ̀kun. Ẹ̀yìn náà ló wá na ọwọ́ sí ìdí òkúta, ó sì fa nǹkan kan jáde. Òrùka àlùbọ́sà ni.

A wo ara wa.

“Nilsa,” mo ní, “ta lo mọ̀ tó ń fi àlùbọ́sà sí nǹkan gbogbo?”

Ó jókòó sórí báàgì rẹ̀. “Ṣé ó gbọ́ mi?” ló bi mí. Mo ní bí àwọn tó wà ní Ponce bá gbọ́, kò sí bí Doña Provi ò ṣe ní gbọ́.

Ìgbà tó dìde, iṣẹ́ ló dojú kọ. Ó ṣa gbogbo èérún pańla kúrò, ó fi bébà fa òróró lójú omi. Ó po omi iyọ̀ tuntun, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó ń gbọ́n díẹ̀ kúrò, ó ń fi díẹ̀ sí i, kò jẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi fóòmù di ẹnu pọ́ǹpù kó má baà fa Gorda tó ń rìn gbéregbère sínú. Ó dín iná kù. Kò fún un ní nǹkan kan jẹ. “Ẹni tí inú ń run, ṣé oúnjẹ la fi ń wò ó sàn?” ló wí.

Ó lọ kan ilẹ̀kùn Doña Provi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

“Mo ń gbọ́ rédíò yín!” Nilsa kígbe.

Rédíò kú.

Ó kan án lọ́jọ́ kejì, ó kan án lọ́jọ́ kẹta. Èmi ni mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé níkẹyìn. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé n kò gbóòórùn nǹkan kan. Kò sí áyù, kò sí kọfí. Ààrò tutù. Doña Provi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan.

“Mo ti pe Heriberto ọmọ mi,” ó ní. “Ó ń bọ̀ wá mú mi lọ sí Hartford. Sátidé tó ń bọ̀ kọ́, èyí tó tẹ̀ lé e.”

“Hartford! Kí lẹ fẹ́ ṣe nínú òtútù yẹn?”

“Ó ti ń bẹ̀ mí tipẹ́. Ó ní mi ò yẹ lẹ́ni tó ń dá gbé mọ́. Lóṣù tó kọjá, mo gbàgbé ìkòkò sórí iná, ògiri dúdú. Mo ní kò tó nǹkan. Wàyí o, wọ́n fi ẹ̀mí kan lé mi lọ́wọ́, mo fi ọwọ́ ara mi pa á. Mo bu omi fún Gorda yìí nígbà ìjì títí èjìká mi fẹ́ yẹ̀, Awilda. Mo bu omi fún un, mo sì wá fún un ní májèlé.”

“Kò tíì kú, Doña Provi.”

“Bó bá yè, mo máa mọ̀ pé ọwọ́ mi ṣì dára fún nǹkan. Ṣùgbọ́n mo rí bó ṣe rí lọ́jọ́ Àìkú alẹ́. Kò ní yè.”

Mo sunkún lọ́nà, kí n má parọ́. Mo bá Nilsa tó ki apá bọ omi dé abíyá, mo rò ó fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Kò yọ apá.

“Padà lọ sọ fún un pé Gorda ò ní kú.”

“Ṣé ó dá ẹ lójú?”

“Rárá. Lọ sọ fún un.”

Láti ọjọ́ yẹn, àdúgbò wa ò sọ ọ̀rọ̀ míì. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, màá yọjú: Gorda ká jọ bí ẹ̀ṣẹ́. Bí mo bá ń bọ̀, màá yọjú: ẹ̀ṣẹ́ náà ló ṣì wà. Lọ́jọ́ kan, ó tú nǹkan funfun kan jáde lẹ́nu, mo pariwo, Nilsa ní kí n panu mọ́, pé pańla tó kù ló ń bì jáde, ìyẹn gan-an lòun ń retí. Àwọn yunifọ́ọ̀mù ò rí rán. Àwọn ìyá ọmọ wá bínú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rí ojú rẹ̀, wọ́n sì bi í bóyá ó fẹ́ kí àwọn bá a pọn omi.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo rí ẹsẹ̀ Gorda tó lẹ̀ mọ́ òkúta. Nilsa fi ìka tì í wẹ́rẹ́, kò mì. Ẹnu rẹ̀ ti padé. Ó ku ọ̀la tí Heriberto máa dé nígbà tí ọwọ́ kékeré kan yọ jáde, òmíràn tẹ̀ lé e, ẹja kan wá tọ́ ọ wò, ó wọ inú rẹ̀, ó sì yíra pọ̀. A ò lè dákẹ́. Nilsa jó yí maṣíìnì ká, abẹ́rẹ́ ń já bọ́ láyà rẹ̀.

“Fún un ní edé!” mo ní.

“Á jẹ ẹ́ lọ́la. Èmi kọ́ ni màá sì fún un.”

Heriberto dé ní òwúrọ̀ Sátidé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pá lórí. Ó ti ń gbé àpótí ìyá rẹ̀ sínú ọkọ̀ nígbà tí Nilsa sọdá títì. Kò kan ilẹ̀kùn lọ́tẹ̀ yìí. Mo tẹ̀ lé e wọlé, kò sẹ́ni tó pè mí.

“Doña Provi, ẹ dìde.”

Ìyá náà ti wọ aṣọ òtútù tó ga dé ọrùn, nínú ooru Arroyo. “O ní kí n má tẹ ilé rẹ mọ́.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi yá ju orí mi lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ forí jì mí. Ẹ dìde ká lọ.”

“Nilsa, ọmọ mi, ọwọ́ mi...”

“Ọwọ́ yín náà ni mo wá mú. Ẹsẹ̀ yín ò burú jàre, ẹ dìde.”

Ó fà á dìde, wọ́n sọdá. Nígbà tí Doña Provi rí Gorda tó tẹ́ sílẹ̀, tó ṣì rù díẹ̀, tó ṣì rọ díẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nilsa pa pọ́ǹpù. Ó fi ẹ̀mú àti ìdajì edé kan lé e lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, edé já bọ́, ẹja sì gbé e lọ.

“Ṣé o rí i? Ṣé o rí i?” Doña Provi ní, omi ti dé ojú rẹ̀.

“Ẹja olè ni mo rí. Ẹ gbé ẹ̀mú yẹn sílẹ̀. Ẹ ká apá aṣọ yín sókè, kí ẹ fi ọwọ́ fún un.”

Doña Provi ká apá aṣọ òtútù yẹn sókè dé ìgbọ̀nwọ́. Ó mú ìdajì tó kù, ó rọra ki ọwọ́ bọ omi. Ọwọ́ kan ṣí kúrò lára Gorda, ó kan edé náà, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Wọ́n gba edé, wọ́n sì dì mọ́ orí ìka rẹ̀ náà.

“Nilsa,” ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, “ó dì mí mú.”

“Ẹ jẹ́ kó dì yín mú. Ebi ló ń pa á.”

Ọwọ́ ìyá náà ò gbọ̀n mọ́. Heriberto yọjú lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ọkọ̀ òfúrufú ò ní dúró dè wá o.”

Doña Provi ò yíjú.

“Heriberto, wá ibì kan jókòó sí,” ó ní. “Mò ń fún ẹnì kan lóúnjẹ.”